Kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀ fákítìrì l'Ékòó: bí ẹ ṣe máa yan ibi tó máa gbè yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó fẹ́ dá fákítìrì sílẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o, bóyá pure water lẹ fẹ́ máa ṣe ni, bóyá búrẹ́dì, bóyá nylon, bóyá ọ̀gá yín ló rán yín pé kẹ́ ẹ lọ wá ilẹ̀ tàbí wiáháòsì fún iléeṣẹ́. Mo ti bá èèyàn púpọ̀ wá irú ibi báyìí kiri, láti Ògbà dé Ìsọlọ̀ dé Ìkòròdú, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń rí: ajẹ́ńtì á pè wọ́n pé ilẹ̀ kan wà tí ò wọ́n, wọ́n á débẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé nígbà tí ojú ọ̀nà dá, ilẹ̀ á wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n á fún ajẹ́ńtì lówó díẹ̀ kó má baà fi han ẹlòmíì, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa béèrè iná, ọ̀nà, omi àti ìwé. Ilẹ̀ fákítìrì ò rí bí ilẹ̀ ilé gbígbé. Owó tí wọ́n bá yín yọ kúrò lórí ilẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà lẹ máa san án padà, lórí dísù (epo diesel), lórí ọkọ̀ tí ò lè wọlé, lórí ọjà tí omi bà jẹ́, oṣooṣù lẹ ó sì máa san án. Torí náà ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má fo ìkankan.

1. Ẹ kọ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde sílẹ̀

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ mú bébà kan, ẹ fi ìlà pín in sí méjì. Apá kan, ohun tẹ́ ẹ máa rà wọlé: kí ni, tọ́ọ̀nù mélòó lọ́sẹ̀, ibo ló ti ń bọ̀. Apá kejì, ohun tẹ́ ẹ máa tà jáde: tọ́ọ̀nù mélòó, ta ló ń rà á, ibo ni onítọ̀hún wà. Bébà yẹn ló máa sọ ìhà tẹ́ ẹ máa kọjú sí.

Ẹ wo pure water. Báàgì kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, omi inú báàgì kan ti tó kílò 10 nìyẹn. Ẹni tó bá ń ta báàgì 500 lójúmọ́, tọ́ọ̀nù 5 ló ń gbé jáde lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń rà wọlé ò ju rólù nylon mélòó kan lọ, torí omi ọ̀hún, inú ilẹ̀ ibẹ̀ náà ló ti ń fà á. Irú iṣẹ́ báyìí, àárín àwọn tó ń mu ún ló yẹ kó wà, lápá Agége, Múṣin tàbí Àlímọ́ṣọ́, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ á ti máa rin ìrìn wákàtí méjì kó tó rí ẹni rà á. Búrẹ́dì náà bẹ́ẹ̀, ìdájí ló gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ó sì máa ń gbàyè nínú ọkọ̀ ju bó ṣe wúwo lọ.

Gàrí yàtọ̀. Ó ń gbà tó tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 4 sí 5 kẹ́ ẹ tó rí tọ́ọ̀nù gàrí 1, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá sì ti wú, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bàjẹ́. Ẹni tó bá gbé fákítìrì gàrí wá sí Orégùn, èèpo àti omi ẹ̀gẹ́ ló ń sanwó mọ́tò fún. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, lápá Ògùn tàbí Ọ̀yọ́, gàrí tó ti gbẹ nìkan ni kẹ́ ẹ máa kó wọ Èkó. Ohun tó gbé fákítìrì sìmẹ́ńtì lọ sí Ewékorò láti ọdún 1960 náà nìyẹn, ibẹ̀ ni òkúta tí wọ́n fi ń ṣe é wà. Òun náà ló fà á tí Flour Mills fi wà létí omi l'Ápápa, torí ọkọ̀ òkun ló ń kó àlìkámà wá láti òkè òkun, kò sì sídìí tí wọ́n á tún fi máa fi tírélà wọ́ ọ kiri ìlú kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

2. Ẹ mú àdúgbò méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má mú ẹyọ kan

Bí èmi ṣe ń wò ó nìyí o. Ìkẹjà, Orégùn àti Ògbà, láti ayé Western Region ni wọ́n ti ya apá kan Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún fákítìrì, páìpù gáàsì wà láwọn òpópónà kan níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà sì ti gba wiáháòsì tó pọ̀ níbẹ̀. Ìlúpéjú, Mátòrí àti Ìsọlọ̀ dáa fún ẹni tó ń gba kọnténà torí ọ̀nà Òṣòdì sí Apápa ò jìnnà sí wọn, àmọ́ ilé ibẹ̀ ti gbó, gọ́tà ibẹ̀ náà ti gbó. Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin àti Kírìkírì, pọ́ọ̀tù wà nítòsí, ilẹ̀ ibẹ̀ ló rọ̀, ọjọ́ tí tírélà bá sì dí Mile 2 pa, ẹ̀yin náà ti há nìyẹn.

Ìkòròdú ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, pàápàá lápá Òdogunyàn. Àyè wà, ilẹ̀ pupa tó le ló pọ̀ níbẹ̀, ilé ìlọrẹsì ìjọba tí wọ́n ṣí ní 2023 náà, Ìmọ́ta lápá Ìkòròdú níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń ti ibẹ̀ wọ Èkó, Mile 12 ló ń gbà, ẹ ṣírò wákàtí tí ọkọ̀ yín máa lò lójú ọ̀nà yẹn kẹ́ ẹ tó yọ̀.

Àgbárá, Ọ̀tà àti Ìbàfò, ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n, bó tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa là ń pè é ní Èkó lẹ́nu. Abẹ́òkúta ni ìwé ilẹ̀ àti pamíìtì wọn ti ń jáde, kì í ṣe Aláúsá. Kò burú o, kẹ́ ẹ kàn mọ̀ ọ́n ṣáájú.

3. Ẹ wọn ọ̀nà, ẹ má fojú wò ó lásán

Ìsọlọ̀ lèmi ti rí èyí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la gba wiáháòsì kan láti máa ṣe nylon, ilé náà dáa, rẹ́ǹtì ò ga, inú wa ń dùn. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ wa dé láti pọ́ọ̀tù Tin Can, inú kọnténà ẹsẹ̀ 40 ló wà lórí tírélà, dírẹ́bà rọra wọ àdúgbò títí ó fi kù ìkóríta kan ṣoṣo sí wa, ibẹ̀ ni kò ti lè yí mọ́. Pólò iná wà lápá òsì, ilé alájà kan wà lápá ọ̀tún tí wọ́n kọ́ balikóònì ẹ̀ yọ sójú títì. Ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀kẹrin taya ẹ̀yìn fọ́ kọnkéré tó bo gọ́tà, ó jókòó sínú ẹ̀. A wá fọ́kílífítì títí, kò dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Inú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnténà yẹn ni mo sùn mọ́jú, àwọn ọmọ àdúgbò ń wá gbowó, ìkan ń lọ ìkan ń bọ̀, ẹni tó ni gọ́tà náà ń dúró de owó kọnkéré ẹ̀. Ohun tá a ná lóru ọjọ́ kan yẹn lé ní rẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta. Tépù tí birikilà fi ń wọn ilẹ̀ ni ì bá gbà wá.

Torí náà, kọnténà ẹsẹ̀ 40 fúnra ẹ̀ ti lé ní mítà 12, tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ orí ọkọ̀ ó ń lọ sí bíi mítà 16, gíga ẹ̀ lórí tírélà sì tó mítà 4. Ẹ wọn fífẹ̀ títì, ẹ wọn gbogbo ìkóríta láti ojú ọ̀nà ńlá dé gate yín. Gate tí tírélà máa gbà wọlé, ẹ má jẹ́ kó dín ní mítà 6, kí àyè sì wà nínú ọgbà tí ọkọ̀ á ti yí padà. Ẹ gbójú sókè wo wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo afárá kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà, tó bá ti ń là, ẹrù tọ́ọ̀nù 30 ò ní pẹ́ wó o. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹta: àárọ̀ Mọ́ńdè ní aago mẹ́fà, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, àti ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Èyí tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ fún dírẹ́bà tírélà kan lówó oúnjẹ kó bá yín rin ọ̀nà náà fẹsẹ̀, á rí nǹkan tí ẹ̀yin àti ẹnjiníà yín ò ní rí.

Tó bá jẹ́ Apápa tàbí Tin Can lọkọ̀ yín á máa lọ, ẹ rántí pé láti 2021 ni wọ́n ti ń fi Ẹ̀tò, ìyẹn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń pín àsìkò fún ọkọ̀, pe tírélà wọ pọ́ọ̀tù, ọkọ̀ tí wọn ò tíì pè gbọ́dọ̀ níbi tó máa dúró sí. Àyè páàkì inú ọgbà yín wà lára ohun tẹ́ ẹ máa ṣírò nìyẹn.

4. Omi òjò àti irú ilẹ̀ tó jẹ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù. Òjò Èkó ń le láti April dé July, á dẹwọ́ díẹ̀ l'August, á tún padà ní September àti October. Ẹ má ra ilẹ̀ tẹ́ ẹ rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìjẹ́ pé ẹ ti mọ bó ṣe ń rí lójò.

Wọ́n fi ilẹ̀ kan hàn wá lápá Kétu sí Òwòdè Onírin, oṣù February ni, ilẹ̀ gbẹ táútáú, wọ́n ti kun fẹ́ńsì ẹ̀ ní ọ̀dà funfun, ajẹ́ńtì ò jẹ́ ká mí. Mo ní kí n ra àkàrà lọ́wọ́ màmá kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Ṣé omi máa ń dé ibí?" Màmá ò dáhùn, wọ́n kàn na ṣíbí tí wọ́n fi ń yí àkàrà sí ìdí tábìlì wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábìlì yẹn wà lórí bulọ́ọ̀kù méjì-méjì, igi ẹsẹ̀ náà ti dúdú ó ti ń jẹrà dé ojú ibì kan tó dọ́gba yíká, òkè ibẹ̀ ò ní àbàwọ́n kankan. Mo dúró tì í, ó ga ju orúnkún mi lọ. Màmá wá ní, "Ọmọ mi, October ló yẹ kó o wá." Mo padà sídìí fẹ́ńsì, mo fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà funfun yẹn, ìlà ẹrẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, gíga kan náà pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ tábìlì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa apá ibẹ̀ ni pé kì í ṣe òjò Èkó nìkan ló ń kún un. Odò Ògùn ló ń gba ibẹ̀ wọ ọ̀sà, tí wọ́n bá sì ti ń tú omi sílẹ̀ láti Ọyán Dam lápá ìpínlẹ̀ Ògùn, Ìṣẹrí, Òwòdè Onírin, Kétu, Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú lè kún kódà lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn lórí wa. Nítorí náà, "òjò ò pọ̀ lọ́dún yìí" ò tó kẹ́ ẹ fi balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ máa wo àmì. Ṣé àwọn aládùúgbò mọ bulọ́ọ̀kù kékeré dínà sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn? Ṣé jẹnẹrétọ̀ wọn wà lórí pèpéle gíga? Ṣé òṣíbàtà tàbí koríko etí omi ló ń hù nínú ilẹ̀ náà? Gọ́tà tó wà níwájú ń lọ síbo, àbí kò lọ síbì kankan? Ẹ tẹ̀lé gọ́tà náà fẹsẹ̀ títí dé kánààlì.

Ní ti ilẹ̀ fúnra ẹ̀, ilẹ̀ pupa bíi ti Agége tàbí Ìkòròdú sábà máa ń gbé nǹkan tó wúwo, ṣùgbọ́n àbàtà bíi ti apá Àmúwò, Ìjọ́rà àti Ìgànmú lè béèrè páìlì, ìyẹn òpó gígùn tí wọ́n ń rì wọlẹ̀ kí ilé má baà rì, owó páìlì sì lè ju owó ilẹ̀ lọ. Ẹ má gbà pé "wọ́n ti fi yanrìn dí i" ti tó, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí ṣì máa rì sí i, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì sì máa tètè rì í. Kẹ́ ẹ tó sanwó tán, ẹ ní kí wọ́n ṣe soil test, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é bí ẹ̀rọ yín tó wúwo jù ṣe wúwo tó. Tí ẹni tó ni ilẹ̀ ò bá gbà kí wọ́n gbẹ́ ihò síbẹ̀, ẹ dágbére fún un.

5. Ohun tó kọjá lábẹ́ ilẹ̀ àti lókè

Páìpù epo àti gáàsì, wáyà iná háì-tẹ́nṣọ̀n, kánààlì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àyè tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá kọ́ ọ, wọ́n lè wó o láìsan kọ́bọ̀. Ti páìpù tún ju ti owó lọ. Ọjọ́ 26 December 2006 l'Ábúlé Ẹ̀gbá àti ọjọ́ 15 March 2020 l'Ábúlé Àdó, ẹ̀mí ló lọ. Ilẹ̀ tó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ilé tí ẹnì kankan ò kọ́ nǹkan sí, tówó ẹ̀ sì kéré, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí tó fi ṣófo.

6. Iná

Ẹ ka kW, ìyẹn agbára iná tí ẹ̀rọ ń lò, tó wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ó pọ̀, ẹ fi 0.8 pín in, kVA (òun ni wọ́n fi ń sọ bí jẹnẹrétọ̀ tàbí transfọ́mà ṣe tóbi tó) tẹ́ ẹ nílò nìyẹn. kW 80 á béèrè kVA 100. Ẹ fi àyè sí i, torí mọ́tò ńlá tí wọ́n kàn tàn láìsí stáátà tó dáa lè fa iná tó ìlọ́po 5 sí 7 nígbà tó bá ń gbéra.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ wo transfọ́mà àdúgbò. Kọ iye ẹ̀ sílẹ̀, 300 ni àbí 500kVA, béèrè ilé mélòó ló wà lórí ẹ̀, tó bá ti kún, ẹ̀yin lẹ máa ra tiyín, kẹ́ ẹ fi owó ẹ̀ kún owó ilẹ̀ látòní lọ. Ṣé wáyà mẹ́ta (three-phase) ló dé ilé náà àbí ẹyọ kan? Wáyà 11kV ló kọjá níwájú, àbí 33kV? Láti 2020 ni wọ́n ti pín wa sí Band, bí iná ṣe ń pẹ́ tó lójúmọ́ ni wọ́n fi pín in; Band A ló yẹ kó ní wákàtí 20 lójúmọ́, láti April 2024 sì ni owó ẹ̀ ti ga ju ti ìyókù lọ dáadáa, ẹ béèrè Band tí fídà yẹn, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, wà. Àmọ́ ẹ má fi ẹnu ajẹ́ńtì ṣe, ẹ lọ bá wẹ́dà tó wà ládùúgbò, ẹ bá ẹni tó ń ta yìnyín, ẹ bá onígbàjámọ̀, iná ni wọ́n fi ń jẹun, wọn ò ní purọ́ fún yín. Tí iléeṣẹ́ kan bá wà nítòsí, ẹ fọgbọ́n béèrè bíìlì oṣù mẹ́ta wọn.

Ẹ wá ṣírò. Ká ní ibi kan fi wákàtí 4 lójúmọ́ kéré sí èkejì ní ti iná, jẹnẹrétọ̀ yín sì ń mu dísù lítà 15 ní wákàtí kan. Lítà 60 lójúmọ́ nìyẹn, ọjọ́ 26 lóṣù, lítà 1,560, lọ́dún kan 18,720. Ẹ fi owó dísù tòní sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ fún mi pé ilẹ̀ kan fi mílíọ̀nù mélòó kan dín sí èkejì.

Tẹ́ ẹ bá máa lo ààrò ńlá tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹnẹrétọ̀ oní-gáàsì, páìpù gáàsì wà láwọn apá Ìkẹjà, Ìlúpéjú, Ìsọlọ̀ àti Apápa. Kó kọjá lójú títì ò túmọ̀ sí pé wọ́n máa so yín mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o, ẹ gba iye owó àti iye oṣù tó máa gbà ní àkọsílẹ̀.

7. Omi lílò àti omi ìdọ̀tí

Bòhóòlù lọ̀pọ̀ fákítìrì Èkó ń lò. Ẹ bu omi lọ́dọ̀ aládùúgbò méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, tó bá pọ́n tàbí tí ohun pupa rọ̀ sísàlẹ̀, irin ló wà nínú ẹ̀, ẹ máa nílò fílítà tó lágbára. Apá tó sún mọ́ òkun àti ọ̀sà bí Apápa, ó lè jẹ́ iyọ̀, ìyẹn ló nira jù láti yọ. Ẹ gbé omi lọ sí láàbù ṣáá, tó bá jẹ́ ohun jíjẹ tàbí mímu lẹ fẹ́ ṣe, èyí kọ́kọ́ ni. Omi tẹ́ ẹ bá lò tán ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà àdúgbò tààrà, ẹ gbọ́dọ̀ ní àyè nínú ilẹ̀ yín láti fọ̀ ọ́ mọ́.

8. Afẹ́fẹ́ àti aládùúgbò

Ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn, láti orí òkun, ni afẹ́fẹ́ Èkó ti ń fẹ́ wá, ọyẹ́ nìkan ló ń ti àríwá ìlà oòrùn wá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé èéfín, òórùn àti eruku yín, apá àríwá ìlà oòrùn ni wọ́n máa wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ dúró láàárín ilẹ̀ náà, ẹ kọjú síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíì. Ọmọ ẹni ni ọmọ ẹlòmíì náà, yàtọ̀ sí pé ẹjọ́ ò ní tán lọ́rùn yín. Ariwo náà bẹ́ẹ̀, ohun tí etí gbà mọ́ra lọ́sàn-án kì í ṣe é gbà lóru. Ẹ sì wo aládùúgbò tó lè ba tiyín jẹ́ náà: ẹni tó ń ṣe oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn tàbí ibi tí wọ́n ti ń lọ ike àlòkù.

9. Òṣìṣẹ́

Ẹ béèrè bí ẹni tó bá ṣíwọ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣe máa délé. Láti June 2022 ni wọn ò ti jẹ́ kí ọ̀kadà ṣiṣẹ́ mọ́ ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Apápa, Mainland, Èkó Island àti Ẹ̀tì-Ọ̀sà. Ibi tó bá sún mọ́ ìdíkọ̀ BRT tàbí ojú irin Red Line tó ń ti Agbádó lọ sí Oyíǹgbò, tó ti ń gbé èrò láti October 2024, òṣìṣẹ́ yín á máa tètè dé, wọn ò sì ní máa fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣooṣù.

10. Ìwé ilẹ̀

Kò séyìí tó máa dáa nínú gbogbo ohun tá a ti ń sọ bọ̀ tí ìwé bá burú. Látìgbà tí Land Use Act ti dé ní 1978, gómìnà ni òfin fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí lọ́wọ́, ohun tẹ́ ẹ ń rà ni ẹ̀tọ́ láti lò ó, C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀, sì sábà máa ń jẹ́ ọdún 99 l'Ékòó. Tẹ́ ẹ bá ra ilẹ̀ tó ní C of O lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà sí i, ẹ béèrè ọdún mélòó ló kù lórí ẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi ilẹ̀ ṣe. Tó bá jẹ́ "ilé gbígbé" ni wọ́n kọ, fákítìrì kọ́ nìyẹn.

Ẹ mú súfeyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì. Kó lọ fúnra ẹ̀ lọ ka ilẹ̀ náà lójú ibẹ̀, kó gbé nọ́ńbà coordinate tó kà níbẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General l'Áláúsá kí wọ́n fi wò ó lórí máàpù bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn fún iṣẹ́ kan. Tó bá jẹ́ committed acquisition, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tiẹ̀, ẹ sá, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní ó ti ní excision, ìyẹn pé ìjọba ti yọ ọ́ kúrò fún àwọn onílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi gazette, ìwé ìkéde ìjọba, hàn yín, kí súfeyọ̀ sì rí i pé ilẹ̀ yín gan-an bọ́ sínú ẹ̀, torí wọ́n lè ní gazette fún abúlé kí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín wà lóde ẹ̀. Ẹ béèrè red copy ìwé súfè, ìyẹn ẹ̀dà tí súfeyọ̀ fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Surveyor-General, tí wọ́n bá ní ó ti wà tẹ́lẹ̀. Lọ́yà yín á wá lọ yẹ ìwé wò ní Lands Registry.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdílé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jọ tọwọ́ bọ̀wé. Tí ọmọ ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, kò sí títà níbẹ̀, tí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn yòókù, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n gbà á padà. Òfin Èkó ti 2016 ò gbà kí ọmọ onílẹ̀ máa fipá gbowó lórí ilẹ̀ mọ́, ó dáa kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ṣì jẹ́ kí lọ́yà kọ gbogbo owó tẹ́ ẹ san fún ẹbí sínú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ pé kò sí òmíì mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ háyà wiáháòsì, ẹ má sọ pé èyí ò kàn yín. Ẹ rí ìwé tí lándílọ́ọ̀dù fi ni ilé. Ẹ má fi owó ńlá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ sílé tí wọ́n fún yín lọ́dún kan-kan, ọdún márùn-ún ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì kọ bí rẹ́ǹtì ṣe máa lé sí i sínú ìwé.

11. Pamíìtì

Ẹ lọ béèrè ní LASPPPA bóyá wọ́n fọwọ́ sí fákítìrì ládùúgbò yẹn kẹ́ ẹ tó ya pláànù, nítorí pamíìtì ilé ọwọ́ wọn ló wà. LASEPA ló ń rí sí èéfín àti omi ìdọ̀tí. Iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ ṣe EIA, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà máa fà sí àyíká, lábẹ́ òfin 1992, ó ń gba oṣù, ẹ fi sínú àkókò yín. Oúnjẹ, omi àti ọṣẹ ara, NAFDAC máa wá wo ilé fúnra wọn, ẹ gba ìlànà wọn kẹ́ ẹ tó mọ ògiri, kẹ́ ẹ má baà máa wó o.

12. Ẹ fi owó ọdún mẹ́ta wọn wọ́n

Ẹ tò ibi méjì tàbí mẹ́ta yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ro owó ilẹ̀ tàbí rẹ́ǹtì, ìwé, páìlì tàbí yanrìn, transfọ́mà, dísù ọdún mẹ́ta, owó mọ́tò ọdún mẹ́ta láti bébà tẹ́ ẹ kọ níbẹ̀rẹ̀, àti fílítà omi pọ̀. Ibi tó bá kéré jù lápapọ̀ lẹ máa mú, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ilẹ̀ tó kéré lówó jù ni. Ohun mẹ́ta péré ni mi ò kì í fi owó wọ̀n: ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, ilẹ̀ orí páìpù, àti ibi tí omi ti ń ga ju orúnkún lọ. Ìyẹn, mo máa ń fagi lé e kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ pín ilẹ̀ náà sí plọ́tì kẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ san owó ẹ̀ náà lẹ gbà, plọ́tì Èkó sábà máa ń fẹ̀ tó mítà 18, kó sì gùn tó mítà 36, éékà kan sì ń tó bíi plọ́tì mẹ́fà. Ẹ san án sí báńkì lórúkọ ẹni tó wà nínú ìwé, kì í ṣe sí àkáǹtì ajẹ́ńtì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni súfeyọ̀ á tún ri bíkínnì, òpó kékeré tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, mọ́lẹ̀ lójú yín àti lójú àwọn tó tà á, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ pe aládùúgbò tó wà lápá kọ̀ọ̀kan jáde kó wá fojú ara ẹ̀ rí ibi tí tiyín parí sí, ẹ gba fóònù ẹ̀, kẹ́ ẹ tó jọ kúrò níbẹ̀.